Dríìlì Aláìníwáyà Tí A Rà fún Ògiri Ìyá Wa

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ ra irinṣẹ́ sílé, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé ta ni yóò bá a yàn án. Bó bá ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ni, mo máa ń kí i kú ìrìnàjò, kódà bó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Èmi náà ti bá ẹ̀gbọ́n mi yan dríìlì rí. Mo mọ ohun tí ojú mi rí.

Ìyá wa ń dá gbé ní Ìkìrun nígbà náà, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ kí wọ́n tó kú. Àwa méjì ni ọmọ tí wọ́n ní. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Òkukù, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ físíìsì, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀. Èmi ń ránṣọ ní Inísà. Ẹ má bínú pé n ó máa pe ẹ̀gbọ́n mi ní “ó” nínú ìtàn yìí. Bí mo bá ń pe òun àti ìyá wa ní “wọ́n” pa pọ̀, ẹ ò ní í mọ ẹni tó ṣubú àti ẹni tó ń yan dríìlì. Lójúkojú, mi ò jẹ́ dán an wò.

Orúnkún ìyá wa ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tipẹ́. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọdún tí àwọn ológun fi ń ṣèjọba, tí epo mọ́tò ṣọ̀wọ́n, wọ́n ń ti yàrá lọ sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, orúnkún yẹ̀ wọ́n nínú páséèjì, wọ́n sì ṣubú. Egungun kankan ò ṣẹ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó sáré dé láti Òkukù, kò sì tíì jókòó tó fi ní kí Ìyá dira, pé ọ̀dọ̀ òun ni wọn yóò máa gbé.

“Ọkọ mi, o ṣeun,” ni ìyá wa wí. “Ṣùgbọ́n n ò lọ síbì kankan. Nínú ilé mi níbí, bí mo bá fẹ́ iyọ̀, mo mọ ibi tí mo gbé e sí. Ní ilé rẹ, n ó kọ́kọ́ bèèrè.”

Kò sóhun tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣe fún wọn o. Ìyá wa kàn jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ bèèrè iyọ̀ ni.

Wọ́n fà á, wọ́n fà á, kò já. Èmi ni mo wá sọ pé ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí ni pé kò sí ohun tí Ìyá lè dì mú nínú páséèjì. Ẹ jẹ́ ká fi irin gígùn sára ògiri, kó bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀, kó gba iwájú yàrá wọn kọjá, kó sì dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n lè máa gbá a mú rìn. Ẹ̀gbọ́n mi rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn sí i. Kí irin náà ti wà lára ògiri kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, torí pé bí òjò bá ti rọ̀, ẹ̀yìnkùlé a máa yọ̀ bí ilá. Bí irin bá dúró, kí Ìyá dúró nílé wọn. Bí kò bá dúró, kí wọ́n máa bọ̀ l'Ókukù. Ìyá náà gbà. Bí ọ̀rọ̀ ibi tí ìyá wa yóò ti lo ìyókù ayé wọn ṣe di ọ̀rọ̀ ihò lára ògiri nìyẹn.

Irin kì í ṣe ìṣòro. Wẹ́dà kan ní Ìkìrun ṣe é kíá, ó sì fá a kó má baà ha ọwọ́ Ìyá. Ihò ni ìṣòro. Ẹlòmíì ì bá ké sí bíríkìlà kan, kó gbé òòlù rẹ̀ dé, kó lu ihò náà, kó gba owó, kó máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní bíríkìlà kan ò ní í fi òòlù kan ilé bàbá òun.

Mo ní láti sọ nípa ilé náà. Ní gbogbo ayé bàbá wa, kò sí ohun tí wọ́n fi ń yangàn bí ògiri wọn. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi amọ̀ kọ́lé, bàbá wa ní búlọ́ọ̀kù làwọn fi kọ́ tàwọn. Àlejò kan kì í wọlé tí wọn kì í fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri níwájú rẹ̀, wọn a ní, “Búlọ́ọ̀kù ni o.” Orí ọ̀rọ̀ yìí la ti sùn, la ti jí, la ti dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí èèyàn bá fi òòlù lu irú ògiri bẹ́ẹ̀, yóò sán. Dríìlì ló tọ́ sí i. Iná ìjọba ní Ìkìrun ìgbà yẹn sì dà bí àlejò tó ń kánjú, yóò yọjú, yóò kí ará ilé, yóò lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà wà ní igun pálọ̀ níbi tó jìn jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní dríìlì tí kò ní wáyà, tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, ló lè gbà wá. Ó ní òun ti rí ọ̀kan nínú ìwé kan.

Ní Sátidé, a lọ bá ọkùnrin kan ní ọjà Ìkìrun tó ń ta àwọn tòkunbọ̀. Ó ní irú dríìlì náà méjì. Ọ̀kan kéré, ó fúyẹ́, mo gbé e, ó bá ọwọ́ mi mu bí àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ. Èkejì tóbi, ó dúdú, ó wúwo bí odó kékeré, ó sì ní ibì kan lára tí èèyàn lè yí kó máa lu ògiri bó ṣe ń dá a lu. Mo ní ká mú kékeré. Ọkùnrin náà wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo agbádá ẹ̀gbọ́n mi, ó sì mọ ibi tí ọjà rẹ̀ wà.

“Alàgbà, irú ògiri wo ni?”

“Búlọ́ọ̀kù ni,” ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì. Díẹ̀ ló kù kó gbá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà.

“Háà. Tó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù ni, kékeré yìí á kàn máa ha á lára ni. Èyí tó dúdú yìí, àpáta ló ń lù.”

“Vólítì mélòó ni?”

“Alàgbà, vólítì ẹ̀ pọ̀.”

Mo rò pé a ti rí i rà nìyẹn. Mo ti gbàgbé ẹni tí mo bá wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní a kì í fi ìwàǹwára ra ohun tó ní ẹ̀ńjìnnì. Ó lọ rò ó. Ní Sátidé kejì a tún padà, ó ní kí ọkùnrin náà fi méjèèjì lu pákó kan, ó yọjú wo inú ihò náà, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó mirí. A tún lọ rò ó. Mo sọ fún un nínú bọ́ọ̀sì pé ìyàwó tó fẹ́ sílé, kò yẹ̀ ẹ́ wò tó báyìí. Ó ní ìyàwó òun kì í lo bátìrì.

Ní gbogbo àsìkò yìí, bí a bá ti ọjà kúrò, ọ̀dọ̀ ìyá wa là ń yà sí. Wọn a ti se ẹ̀bẹ, wọn a ti wọ búbà tó dáa, wọn a jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ ti rí i yàn?”

“A ò tíì rí i yàn, Ìyá.”

“Ẹ má kánjú. Ẹ wọlé wá jẹun.”

Kò wá sí ọkàn mi láti bi ara mi léèrè ìdí tí ẹni tó ń fi ògiri tọ ọ̀nà lọ sí ẹ̀yìnkùlé fi ń sọ fún wa pé ká má kánjú. Ẹ̀bẹ náà dùn, mo sì ń jẹ ẹ́.

Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìjọ. Wòlíì obìnrin kan níbẹ̀ rí ìran, ó ní òun rí ohun dúdú kan tó ń bú ramúramù. Ọ̀rọ̀ parí. Bí ẹ̀kọ́ físíìsì ṣe gbé wa dé ẹnu ọ̀nà tí ìran sì tì wá wọlé nìyẹn. A ra èyí tó dúdú. Kí ẹ má baà rò pé mò ń fi ìjọ ẹlòmíì ṣẹ̀sín, èmi náà gbé dríìlì ọ̀hún lọ bá pásítọ̀ mi n'Ínísà, nítorí a kì í lo ohun tuntun láìgbàdúrà sí i. Pásítọ̀ ní kí n fi òróró yàn án. Ẹnu rẹ̀, níbi tí irin tó ń lu ihò ti ń wọlé, ni mo da òróró náà sí, torí mo rò pé ibẹ̀ ni agbára wà. Àkísà tí a fi nu ún kó tó lè di irin náà mú, ó tó fi wé gèlè. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sí ìjọ tirẹ̀ náà. Kò sí dríìlì tí wọ́n gbàdúrà sí tó o ní gbogbo agbègbè yẹn.

Ìgbà tí a fẹ́ lò ó la tó rántí pé bátìrì tí kò ní wáyà, wáyà ló ń bọ́ ọ. Iná ò sí ní Ìkìrun. Ṣé ẹ rí i báyìí, a ra ohun tí kò nílò iná, a wá ń wá iná kiri fún un. Ẹni tó bá gbọ́ pé iná wà ní ìlú rẹ̀ ni yóò wá gbé bátìrì náà àti ṣájà rẹ̀. Èmi a gbé e lọ sí Inísà, iná a lọ kó tó yó. Ẹ̀gbọ́n mi a wá gbà á, á gbé e lọ sí Òkukù, ọjọ́ á ti gorí ọjọ́ kó tó ráyè gbé e padà wá sí Ìkìrun, á sì ti rẹ bátìrì. Mo máa ń gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì bí ìyá tó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Obìnrin kan bi mí bóyá rédíò ni. Mo ní ògiri ìyá mi ni.

Òjò ti ń ṣú, ó ń tú ká, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú bátìrì tó yó dáadáa. Ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó sì fi awò oòrùn sójú kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Mo ti fi téèpù mi wọn ibi tí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá dé bí wọ́n bá nà án, mo sì ti fi ẹfun aránṣọ sàmì sí ara ògiri. Ìyá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà, ó yí dríìlì sí ibi tó ti ń lu àpáta, ó fi ẹnu rẹ̀ sí ojú àmì, ó fi gbogbo ara tì í.

Ó bú lóòótọ́. Ìran náà ò parọ́. Ó bú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wọlé tán bí ọ̀bẹ tó wọnú ẹ̀kọ, ẹ̀gbọ́n mi bá a lọ, ó forí sọ ògiri. Nígbà tó fà á yọ, sìmẹ́ńtì tó tóbi tó àwo ọbẹ̀ já bọ́, iyẹ̀pẹ̀ pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti inú ihò náà sórí bàtà rẹ̀. Ó gbìyànjú ibòmíì. Iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ìyá, ògiri wo lèyí?”

“Amọ̀ ni,” ni ìyá wa fèsì, bí ẹni tí wọ́n bi ní iye aago tó lù.

“Bàbá ní búlọ́ọ̀kù ni.”

“Bàbá yín ní búlọ́ọ̀kù ni. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ náà, oyún rẹ ló wà níkùn mi. Sìmẹ́ńtì díẹ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú lẹ̀ ń rí yẹn.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ sọ látọjọ́ yìí?”

“Nígbà tí wọ́n wà láyé, n ò tú àṣírí wọn lójú àlejò. Ṣé ìgbà tí wọ́n kú tán ni n ó wá tú u lójú ọmọ?”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rántí gbogbo àlejò tí bàbá wa ti gbá ògiri yẹn létí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára bàtà rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

“Ó parí náà nìyẹn. Amọ̀ ò lè di irin mú. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dira.”

Mo wo ojú ìyá wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rù níbẹ̀. Wọn ò bá a jiyàn, torí àdéhùn ni àdéhùn. Wọ́n kàn na ọwọ́, wọ́n gbé e lé ara ògiri níbi tí kò tíì fọ́, wọ́n sì fi í síbẹ̀. Inú bí mi. Inú bí mi sí bàbá wa tó ti kú, sí dríìlì, sí gbogbo Sátidé tí a ti fi ṣòfò.

“Bọ̀ọ̀dá,” ni mo wí, “bó bá ń wọlé wẹ́rẹ́ báyìí, ẹ kúkú jẹ́ kó wọlé lápá ibí, kó jáde sí yàrá lọ́hùn-ún, kí gbogbo wa lè máa yọjú síra wa.”

Èébú ni mo fi bú u. Ẹ̀gbọ́n mi wo ihò náà, ó wo yàrá, ó tún wo ihò náà. Tíṣà ni, èébú tó bá ní òye nínú kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ká wá pákó méjì gígùn, ká sì gba bóòtì gígùn pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wọn wá lọ́dọ̀ wẹ́dà. Ó lu ògiri náà já sí òdìkejì, ó fi pákó kan sí páséèjì, ó fi èkejì sínú yàrá, ó ki àwọn bóòtì gígùn la àárín wọn kọjá, ó sì fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n pinpin. Ògiri náà wá wà láàárín pákó méjì bí ẹran láàárín búrẹ́dì. Nígbà tí a so irin mọ́ ọn, mo rọ̀ mọ́ ọn tèmi tìtóbi mi, kò mì. Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, dríìlì kékeré yẹn ì bá ṣe é láìlàágùn, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti forí sọ ògiri, ìyẹn ti tó.

Ìyá dìde. Wọ́n di irin mú, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n yí padà, wọ́n rìn padà dé pálọ̀. Wọ́n bọ́ sí ilé ìdáná, wọ́n lọ bu ẹ̀bẹ fún wa, wọ́n sì fi iyọ̀ sí i fúnra wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbà, kí wọ́n máa gbé ilé wọn. Omijé bọ́ lójú mi, mo ní iyẹ̀pẹ̀ ni.

Òjò dé. Irin dúró, ìyá wa dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àlàáfíà wọn, a ó ní wọ́n wà dáadáa, a ti fi irin sí i fún wọn. Iṣẹ́ mi pọ̀ n'Ínísà nítorí ọdún ń bọ̀, ìdánwò pọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi l'Ókukù. Kò sí bátìrì tí a ń gbé kiri mọ́. Sátidé di ọjọ́ ìsinmi.

Lọ́jọ́ kan, mo wá ra òwú ní Ìkìrun, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ ohun kan tó ń ha irin. Ìyá wa jókòó sórí àpótí ní ìpẹ̀kun páséèjì lápá pálọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀mú tí wọ́n fi ń kó ẹyin iná gbá nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn mú, wọ́n ń yí i. Wọ́n rí mi. Wọn ò gbé ẹ̀mú náà pa mọ́.

“Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?”

“Mò ń tú u ni.”

“Ṣé ẹ fẹ́ tún ṣubú ni?”

“Èyí tí mò ń dì mú, láti yàrá lọ sẹ́yìn ni. N ò tú ìyẹn, ó le dáadáa. Èyí ò sí lójú ọ̀nà mi.” Wọ́n sinmi díẹ̀, nọ́ọ̀tì náà le. “Bó bá ti ń mì, ẹ̀yin méjèèjì á wá wò ó.”

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tó yá, mo gba ẹ̀mú náà lọ́wọ́ wọn, nítorí wọn ò lágbára rẹ̀ tó, mo sì bá wọn tú u.

Mi ò padà sí Inísà lọ́jọ́ náà. Òkukù ni mo gbà lọ. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń máàkì ìwé, mo sọ fún un pé irin Ìyá ti ń mì lápá pálọ̀. Ó gbé kálámù sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

“Dríìlì yẹn ni,” ló wí. “A kánjú rà á.”

“Òótọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá,” ni mo fèsì. “A kánjú. Ní Sátidé, ẹ jẹ́ ká tún lọ yan òmíràn.”